Ara Aláìsàn Kì í Ṣe Àkísà Ìkọ́ṣẹ́

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ jẹ́ kí n fi ìbéèrè kan bẹ̀rẹ̀. Ká ní ẹ ra léèsì olówó ńlá nítorí ìgbéyàwó ọmọ yín, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ télọ̀ yín ní Kútọ̀, ọ̀gá télọ̀ wá ju léèsì náà sí ọmọ-iṣẹ́ kan tó dé ní ìjẹta, ó ní, "Gbà, orí eléyìí ni kó o ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń gé aṣọ." Kí lẹ máa ṣe? Mo mọ ohun tí ẹ máa ṣe. Ẹ ó já aṣọ yín gbà, ẹ ó sì bú tọ̀gá tọmọ-iṣẹ́ títí itọ́ ẹnu yín yóò fi gbẹ. Ọmọ-iṣẹ́ télọ̀ a máa gé bébà símẹ́ńtì fún ọ̀pọ̀ oṣù kí wọ́n tó jẹ́ kó fi sísọ́ọ̀sì kan aṣọ oníbàárà. Gbogbo wa la mọ̀ bẹ́ẹ̀, kò sì sí ẹni tó ń bá wọn jà sí i.

Kí ló wá dé tí ohun tí a kò lè gbà fún léèsì, à ń gbà á fún ẹsẹ̀ ọmọ wa?

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àgbọ́sọ lẹ́nu mi. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ọkọ̀ akẹ́rù kan gbá ọ̀kadà tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin gùn. Ọmọ ọdún méjìlélógún ni, iṣẹ́ bíríkìlà ló ń ṣe. Nígbà tó ṣubú, irin ya ẹ̀yìn orúnkún rẹ̀. Egungun rẹ̀ kò ṣẹ́. Ẹ gbọ́ mi dáadáa o, egungun kò ṣẹ́! Iṣan ńlá tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ gba ẹ̀yìn orúnkún lọ sísàlẹ̀ ẹsẹ̀ ló já. Kò tó wákàtí kan tí a fi gbé e dé ilé ìwòsàn kan. N kò ní dárúkọ ibẹ̀, nítorí kì í ṣe ibẹ̀ nìkan ni ọ̀rọ̀ kàn. Dókítà ọ̀dọ́ tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lóru ọjọ́ náà sáré gidigidi. Ó dí ojú ẹ̀jẹ̀, ó fa omi sí ọmọ náà lára, ó wá ẹ̀jẹ̀ fún un. Ẹ̀mí kò bọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo bi í pé, "Dókítà, ṣé ẹ ò lè rán iṣan náà pọ̀ ni?" ilẹ̀ ló ń wò. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo ti kà nípa rẹ̀. Mo ti rí ọ̀gá wa kan tó ṣe é lẹ́ẹ̀kan. Ọwọ́ tèmi kò tíì ṣe é rí."

Ọwọ́ tèmi kò tíì ṣe é rí. Títí di òní, gbólóhùn yẹn kò kúrò létí mi.

Wọ́n kọ ìwé fún wa pé ká máa gbé e lọ síbòmíràn. Ká tó rí ọkọ̀, ká tó rí epo sí i, ká tó kọjá ojú ọ̀nà tó bàjẹ́, ká tó dé ọ̀dọ̀ àgbà dókítà tó mọ̀ ọ́n ṣe, wákàtí mẹ́wàá ti lọ. Ẹsẹ̀ náà ti tutù bí omi àmù. Òkè orúnkún ni wọ́n ti gé e. Lónìí, abẹ́ agboòrùn ni bíríkìlà wa jókòó sí ní Pánsẹ́kẹ́, ó ń fi POS sanwó fún àwọn ènìyàn.

N kò bínú sí dókítà yẹn. Òótọ́ ló sọ. Bó bá jẹ́ aláìnítìjú ni, ì bá fi ẹsẹ̀ ọmọ wa kọ́ṣẹ́ lóru ọjọ́ náà, kí ó sì kọ sínú ìwé pé Ọlọ́run ló mọ̀. Ètò tó mú un ka ìwé fún ọdún mẹ́fà ní yunifásítì, tó tún mú un ṣiṣẹ́ lábẹ́ àwọn ọ̀gá fún ọdún mélòó kan sí i, tí kò sì fún un ní iṣan kan tí yóò fi ọwọ́ rẹ̀ rán kí ọjọ́ burúkú tó dé, òun gan-an ni mo bá jà lónìí.

Ẹ jẹ́ ká sọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí kó lè yé gbogbo wa. Ẹran ara kò lè pẹ́ láìsí ẹ̀jẹ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ kò bá dé ẹsẹ̀ fún nǹkan bíi wákàtí 6, ẹsẹ̀ ti ń kú lọ nìyẹn. Bí iṣan ńlá bá já, ọ̀nà méjì ló wà níwájú dókítà: kí ó so ó pa kí ẹ̀jẹ̀ má baà tán lára ènìyàn, tàbí kí ó rán an kí ẹ̀jẹ̀ lè tún kọjá. Síso rọrùn. Rírán ló le. Ẹ wo ohun tí ìyàtọ̀ wọn ṣe. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, síso ni àwọn dókítà ológun Amẹ́ríkà sábà máa ń so iṣan tó já. Nínú 100 ọmọ ogun tí wọ́n so iṣan ńlá apá tàbí ẹsẹ̀ wọn pa, nǹkan bíi 49 ni wọ́n gé apá tàbí ẹsẹ̀ wọn. Nígbà tí ogun Kòríà dé, láàárín 1950 sí 1953, wọ́n ti ń rán an. 49 yẹn wálẹ̀ sí nǹkan bíi 13. Lóòótọ́, bàálù hẹlikọ́pítà tó ń tètè gbé wọn àti oògùn tó dára náà ràn wọ́n lọ́wọ́, ṣùgbọ́n bí kò bá sí ọwọ́ tó mọ̀ ọ́n rán, bàálù ì bá kàn yára gbé wọn lọ síbi tí wọ́n ti ń gé ẹsẹ̀ ni.

Ta ló wá kọ́ ayé ní rírán yìí? Ibí yìí ló yẹ kí àwa Ẹ̀gbá fi etí sílẹ̀ sí. Ní ọjọ́ 24 oṣù kẹfà ọdún 1894, ẹnì kan fi ọ̀bẹ gún Sadi Carnot, Ààrẹ ilẹ̀ Faransé, ní ìlú Lyon. Iṣan ńlá kan nínú ikùn rẹ̀ ni ọ̀bẹ gé. Àwọn dókítà yí i ká, gbogbo wọn dọ́wọ́ bolẹ̀, nítorí kò sí ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń rán iru iṣan bẹ́ẹ̀ láyé ìgbà náà. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò mọ́ tó fi kú. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń kọ́ iṣẹ́ dókítà ní ìlú yẹn, Alexis Carrel, kò gbà pé bẹ́ẹ̀ ló yẹ kó rí. Ǹjẹ́ ẹ mọ ọ̀dọ̀ ẹni tó lọ kọ́ṣẹ́? Kò lọ sọ́dọ̀ ọ̀jọ̀gbọ́n kankan. Ọ̀dọ̀ Ìyáàfin Leroudier ló lọ, obìnrin tó ń fi abẹ́rẹ́ ṣe iṣẹ́ ọnà sára aṣọ. Ó mú abẹ́rẹ́ tó tín-ín-rín jù lọ àti òwú ṣẹ́ńdà, ó ń rán bébà títí ọwọ́ rẹ̀ fi mọ́ ọn. Nígbà tó di 1902, ó tẹ ọ̀nà tó gbà ń rán iṣan jáde fún gbogbo ayé kà. Ní 1912, wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ ka ìtàn yìí, ìyá mi ni mo rántí. Alábẹ́rẹ́ ni ìyá mi ní Ìtòkú. Ẹ̀yin tí ẹ mọ àdìrẹ mọ̀ pé àdìrẹ alábẹ́rẹ́ kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀lẹ. Wọn a máa fi abẹ́rẹ́ rán aṣọ funfun ní ojú àmì, wọn a fa òwú náà kí ó le dan-in dan-in kí aró má baà wọ ibẹ̀, wọn a rẹ ẹ́ sínú aró. Bó bá gbẹ tán, wọn a fi bíléèdì tú òwú náà. Títú yẹn gan-an ni ewu wà. Bí bíléèdì bá yọ́ díẹ̀ báyìí, aṣọ ti ya, owó ti gbé. Ìyá mi kì í fún ọmọ-iṣẹ́ ní aṣọ ọjà tú. Àkísà ló ń fún un. Wàá tú àkísà lónìí, wàá tú àkísà lọ́la, títí ìyá mi yóò fi wo iṣẹ́ rẹ tí kò ní sọ ohunkóhun. Bí ìyá mi kò bá ti sọ ohunkóhun, o ti yege nìyẹn.

Iṣan ẹ̀jẹ̀ le ju àdìrẹ lọ. Òwú tí wọ́n fi ń rán àwọn kéékèèké nínú wọn kò ju irun orí lọ. Abẹ́rẹ́ gbọ́dọ̀ gba inú jáde síta níbi tó bá yẹ, kí awọ tó tẹ́ inú iṣan má baà ká kúrò. Bó bá ká, ẹ̀jẹ̀ yóò dì síbẹ̀, iṣan yóò sì tún dí. Bí o bá fa òwú le jù, ẹnu iṣan yóò fún. Bó bá dẹ̀ jù, ẹ̀jẹ̀ yóò máa jò. Iṣan sì rí roboto bí ọrùn ìgò, ó ṣòro láti rán ohun roboto kó má rún. Ọgbọ́n tí Carrel dá ni pé ó fi òwú mẹ́ta mú ẹnu iṣan náà níbi mẹ́ta, ó fà wọ́n, roboto di onígun mẹ́ta, ó wá ń rán ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan tó ti nà tọ́ọ́rọ́. Ẹ ti lóye rẹ̀ báyìí, àbí? Èmi náà lóye rẹ̀. Ṣé ẹ lè ṣe é? Èmi kò lè ṣe é. Ohun tí mo ń wí gan-an nìyẹn. Ẹnu dùn ún rò ẹ̀fọ́.

Mo mọ̀ pé n kò lè ṣe é nítorí pé mo ti dán an wò. Dókítà ọ̀dọ́ kan wà tí mo mọ̀, kì í ṣe ti òru ọjọ́ yẹn, ó ń gbé yàrá kan ní Ọ̀bàntókò. Ní ìdájí ọjọ́ Sátidé, ó máa ń lọ síbi tí wọ́n ti ń pa màlúù ní Láfẹ́nwá, á ra iṣan ńlá tó wà lẹ́bàá ọkàn màlúù lọ́wọ́ alápatà. Nígbà àkọ́kọ́, alápatà rò pé ọbẹ̀ ló fẹ́ fi sè. Á gbé e sórí tábìlì tó fi ń jẹun, á tan iná oníbátìrì, á gé e sí méjì, á sì tún un rán pọ̀. Òwú tí ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá, tí ilé ìwòsàn kò lè lò fún ènìyàn mọ́, ló ń lò. Bó bá rán an tán, á so ìsàlẹ̀ rẹ̀, á bu sóbò sí i. Níbi tí sóbò bá ti jò, ibẹ̀ ni ọwọ́ rẹ̀ ti kùnà. Ó ní ìwé kékeré kan tó ń kọ ọ́ sí. Lọ́jọ́ tí mo lọ, ìkẹtàdínlógójì ló ń ṣe. Ó ní kí n jókòó, kí n dán an wò. Ẹ̀ẹ̀kẹta tí mo fi abẹ́rẹ́ sí i, mo ti ya iṣan màlúù tó nípọn bíi bàtà. Ó rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wo bí mo ṣe ń ṣe é ní kọ̀rọ̀ bí olè. Ṣé ilé mi ló yẹ kí èyí wà?"

Mo ní rárá, kì í ṣe ilé rẹ̀. Ìdí tí mo fi gbé kálámù nìyẹn.

Ṣé ẹ máa wí fún mi pé àwọn ọ̀gá ló yẹ kó kọ́ àwọn ọmọ-iṣẹ́ wọn nínú tíátà, bí wọ́n ti ń ṣe láti àtètèkọ́ṣe? Mo gbà. Kò sí ohun tó lè rọ́pò ọ̀gá. Ṣùgbọ́n iṣan tó já kì í wá lójoojúmọ́ bí ìpákè. Ó lè tó oṣù méjì kí ọ̀kan tó dé, kó sì jẹ́ aago méjì òru ló máa dé, nígbà tí ọ̀gá wà nílùú mìíràn. Ọwọ́ tó ń ṣe nǹkan lẹ́ẹ̀kan lóṣù méjì, ìgbà wo ló máa mọ́ ọn? Ọmọ olóólà pàápàá, ọ̀pọ̀ ọdún ló fi ń di ọmọ mú fún bàbá rẹ̀ kí abẹ tó kan ọwọ́ tirẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n tún sọ ìtàn kan, nítorí àwọn tó rò pé ìwé ńlá nìkan ló ń kọ́ ọwọ́. Ní Amẹ́ríkà, ọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan wà tó ń jẹ́ Vivien Thomas. Ilé-ìwé gírámà ló kà mọ, bíi tèmi. Iṣẹ́ káfíńtà ló ń ṣe. Bánkì tó tọ́jú owó yunifásítì rẹ̀ sí kógbá sílé ní 1930, owó sì lọ. Ó gba iṣẹ́ lọ́dọ̀ Dókítà Alfred Blalock, wọ́n jọ ń ṣe ìwádìí iṣẹ́ abẹ lára ajá. Ní ọjọ́ 29 oṣù kọkànlá ọdún 1944, nílé ìwòsàn Johns Hopkins ní Baltimore, Blalock fẹ́ so iṣan kan pọ̀ mọ́ òmíràn lẹ́bàá ọkàn ọmọ ọwọ́ kan tí ara rẹ̀ ń dúdú bí aró nítorí ẹ̀jẹ̀ tí kò dé ẹ̀dọ̀fóró tó. Thomas ti ṣe iṣẹ́ yẹn lára ajá lọ́pọ̀lọpọ̀ ìgbà. Blalock, ẹ̀ẹ̀kan péré lọ́wọ́ rẹ̀ kàn án. Ọ̀gá dókítà ní kí wọ́n pe Thomas wá. Káfíńtà yìí dúró lórí àpótí lẹ́yìn ọ̀gá, ó ń wo ọwọ́ rẹ̀, ó ń sọ fún un ibi tí abẹ́rẹ́ yóò gbà. Iṣẹ́ náà yọrí. Lẹ́yìn náà, ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ abẹ tí ayé wá mọ̀ bí ẹní mowó ló gba ìkọ́ni lọ́wọ́ rẹ̀ nínú yàrá ìdánrawò. Ní 1976, yunifásítì náà fún un ní oyè ọ̀mọ̀wé ìdánilọ́lá. Ọwọ́ ló fi gba oyè náà o, ọwọ́ tó ti ṣe é kó tó kan ènìyàn.

Àwọn kan yóò ní owó kò sí. Owó kẹ̀! Ní 2001, ní Àbújá tiwa níbí, àwọn olórí ilẹ̀ Áfíríkà ṣèlérí pé nínú 100 náírà tí ìjọba bá ń ná, 15 yóò jẹ́ ti ìlera. Ìjọba àpapọ̀ wa kò tíì ya iye yẹn sọ́tọ̀ rí títí di òní. Ṣùgbọ́n ká tiẹ̀ fi ti ìyẹn sílẹ̀. Kí ni mò ń béèrè? Yàrá kan. Tábìlì mẹ́rin. Iná tó mọ́lẹ̀. Fíríìjì. Iṣan màlúù láti Láfẹ́nwá, tí iye rẹ̀ kò tó owó epo tí ọ̀gá kan ń dà sí ọkọ̀ lọ sí ìpàdé. Òwú tí ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá, èyí tí wọn ì bá dà nù. Àwọn àgbà dókítà tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì, tí wọ́n jókòó sílé ní Ìbarà àti Òkè-Ìlẹ̀wọ̀, kí wọ́n wá máa jókòó ti àwọn ọmọdé lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Ẹ wo owó ẹsẹ̀ igi, ẹ wo iye ọdún tí ọ̀dọ́ kan tó lè mọ ilé kò fi ní mọlé mọ́, kí ẹ wá sọ èwo ló wọ́n jù.

Àwọn mìíràn á ní, "Bí a bá kọ́ wọn tán, wọn yóò jápa." Òótọ́ ni, ọ̀pọ̀ yóò lọ. N kò ní parọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n ṣé nítorí pé ọmọ-iṣẹ́ lè gba fírídọ̀mù lọ sí Èkó ni ọ̀gá ṣe ń kọ̀ láti kọ́ ọ? Bí a bá kọ́ mẹ́wàá, tí mẹ́fà lọ, mẹ́rin kù. Bí a kò bá kọ́ ẹnì kankan, mélòó ló kù? Àwọn kan nínú wọn sì ń lọ nítorí pé ibi tí ọwọ́ wọn yóò ti mọ́ iṣẹ́ ni wọ́n ń wá.

Àwọn ẹlẹ́kẹta á ní kí a máa gbé wọn lọ sí Ìbàdàn. UCH ti wà níbẹ̀ láti 1957, a kò kóyán wọn kéré. Ṣùgbọ́n láti Abẹ́òkúta dé Ìbàdàn tó nǹkan bíi kìlómítà 80, ẹsẹ̀ tí kò ní ẹ̀jẹ̀ kò sì mọ̀ pé sún-kẹẹrẹ fà-kẹẹrẹ wà.

Kì í sì í ṣe ìjàǹbá ọkọ̀ nìkan. Ẹ lọ wo àwọn tí kíndìnrín wọn kò ṣiṣẹ́ mọ́, tí wọ́n ń gbé sídìí ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀. Láti 1966 ni àwọn dókítà ní New York ti fi han ayé pé bí a bá so iṣan méjì pọ̀ ní ọrùn ọwọ́, ojú ibẹ̀ yóò le, abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ yóò máa rí ibi gbà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ aláìsàn wa ni rọ́bà wà lọ́rùn wọn fún oṣù gbọọrọ, tí kòkòrò àìsàn ń gba ibẹ̀ wọlé. Ìsopọ̀ kékeré yẹn gan-an ni iṣẹ́ tí ọ̀dọ́ dókítà lè kọ́ dáadáa lórí tábìlì kó tó kan ènìyàn.

N kò sọ pé yàrá ìkọ́ṣẹ́ ló máa wo gbogbo àrùn. Ẹ̀jẹ̀ gbọ́dọ̀ wà, iná gbọ́dọ̀ wà, òwú tuntun gbọ́dọ̀ wà fún aláìsàn. Ṣùgbọ́n bí gbogbo ìyẹn bá wà, tí ọwọ́ kò mọ̀ ọ́n ṣe, a kàn tan iná fún àìmọ̀ ni.

Nítorí náà, mo ń sọ ọ́ gbangba. Èkíní, kí gbogbo ilé ìwòsàn tó ń kọ́ àwọn oníṣẹ́ abẹ, tó sì ń gba ẹni tó fara pa ní ìpínlẹ̀ wa, ní yàrá ìkọ́ṣẹ́ iṣan ẹ̀jẹ̀, kí wákàtí ìkọ́ṣẹ́ sì wà nínú iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ dókítà, kó má jẹ́ pé ìgbà tó bá rẹ̀ ẹ́ tán ló máa wá ṣe é. Èkejì, kí olúkúlùkù ní ìwé tí wọn yóò máa kọ iye tó ti rán sí, kí ọ̀gá sì fọwọ́ sí i. Ẹni tí kò bá tíì rán iye tí wọ́n bá là sílẹ̀, kí ó má ṣe dá rán ti ènìyàn. Ẹ̀kẹta, kí West African College of Surgeons, tí wọ́n dá ẹgbẹ́ tó bí i sílẹ̀ ní 1960, tí Sir Samuel Manuwa tí wọ́n bí ní Ìjẹ̀bú-Òde jẹ́ ààrẹ rẹ̀ àkọ́kọ́, àti National Postgraduate Medical College tiwa, jẹ́ kí ọwọ́ náà máa jókòó ṣe ìdánwò pẹ̀lú ẹnu. Ní Yúróòpù, ẹni tó bá fẹ́ gba ìwé ẹ̀rí oníṣẹ́ iṣan ẹ̀jẹ̀ ti gbogbo ilẹ̀ náà, ó gbọ́dọ̀ rán iṣan ìdánrawò lójú àwọn olùdánwò. Kọ́ọ̀sì ọjọ́ méjì mẹ́ta dára, a dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣe é, ṣùgbọ́n ta ló fi ọjọ́ méjì di télọ̀ rí? Òfin ìkọ́ni àwọn dókítà ti ọdún 2017 ti la ọ̀nà owó sílẹ̀. Kí wọ́n fi apá kan nínú rẹ̀ ra tábìlì.

Àwa Ẹ̀gbá fẹ́ràn láti máa sọ pé àwa la kọ́kọ́ ṣe é. Ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ti tẹ Ìwé Ìròyìn ní 1859. Ọ̀dọ̀ wa, ní Lantoro, ni àwọn Fadá ti dá ilé ìwòsàn Sacred Heart sílẹ̀ ní 1895. Ó dáa, a ti gbọ́. Ìlú tí ìyá wa kan kò ti ní fún ọmọ-iṣẹ́ ní àdìrẹ ọjà tú, ṣé ìlú yẹn náà ló máa fara mọ́ kí dókítà máa kọ́ abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ lára ènìyàn?

Ní ọjọ́ kan, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi bi mí níbi tó jókòó sí ní Pánsẹ́kẹ́ pé, "Bọ̀dá mi, dókítà ọjọ́ yẹn, ṣé ó ti wá mọ̀ ọ́n ṣe báyìí?" Mo ní n kò mọ̀. Ó ní, "Ó yẹ kó ti mọ̀ ọ́n o. Ẹlòmíì ń bọ̀."